Bí A Ṣe Ń Kó Nǹkan Wọ Inú Ìran Half-Life 2 Láì Da Eré Rú

Nínú géèmù Half-Life 2, Dókítà Kleiner ń fi tọkàntọkàn ṣàlàyé ẹ̀rọ rẹ̀, bàrà rìbìtì kan sì jókòó sí àtàrí rẹ̀. Alyx ń bá Barney sọ̀rọ̀, kóònù ojú títì ló yí wọn ká. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé kí ló dé. Adùn iṣẹ́ yìí nìyẹn: àwọn òṣèré á ṣe ohun tí a kọ fún wọn láìyẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ṣètò yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é.

Half-Life 2 tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní ọjọ́ 16 Oṣù Kọkànlá 2004 ni a máa lò, nítorí lójú tiwa, kò sí géèmù tó gba irú eré yìí tó o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀ lè gbé e dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe ogún ọdún fún un ní Oṣù Kọkànlá 2024, Episode One àti Episode Two, ìtàn àfikún rẹ̀ méjì, ti wà nínú rẹ̀ lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí pé à ń rà wọ́n lọ́tọ̀ mọ́.

Ìdí tí ìran rẹ̀ fi ń gba nǹkan

Ìran tí à ń wí ni ibi tí ìjà ti dáwọ́ dúró, tí àwọn òṣèré wá ń sọ̀rọ̀ kí ìtàn lè tẹ̀ síwájú. Nínú àwọn géèmù kan, fídíò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ ni. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbé nǹkan wọ irú ìyẹn. Nínú àwọn mìíràn, géèmù á kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kúrò, á gba kámẹ́rà lọ́wọ́ yín, á wá gbé àwọn òṣèré kalẹ̀. Nǹkan tẹ́ ẹ kó síbẹ̀ á pòórá, àfi èyí tí ẹni tó kọ géèmù bá gbàgbé.

Ti Half-Life 2 yàtọ̀. Inú yàrá tẹ́ ẹ dúró sí gan-an ni ìran ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ sì lè máa rìn kiri bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìran G-Man, ọkùnrin àdììtú inú géèmù náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ni kò ṣe é fọwọ́ kàn. Fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vcd ló ń darí àwọn òṣèré: Kleiner, sọ báyìí, Alyx, rìn dé ibí, Barney, wo Alyx. Orúkọ ni fáìlì yìí fi ń pe oníkálukú. Bàrà yín kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà kò ní lé e jáde. Ṣùgbọ́n Alyx gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí fáìlì ní kó dé, tí bàrà bá sì dí i lọ́nà, ó di wàhálà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń ba eré ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán ṣe é

Bọ́tìnnì E lẹ fi ń gbé nǹkan, E náà lẹ fi ń gbé e kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ́wọ́ tẹ́ ẹ tẹ máúsì lápá òsì, ẹ ti jù ú nù nìyẹn. Ọwọ́ lásán kì í gbé ju kílò 35 lọ, nǹkan náà kò sì gbọ́dọ̀ gùn ju 128 lọ ní ìwọ̀n ti géèmù. Kẹ́ ẹ lè mọ bí ìwọ̀n náà ṣe rí, Gordon, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ṣe nínú géèmù, ga tó 72. Agolo, ìgò, kóònù, garawa àti bèbí kò ní yọ yín lẹ́nu.

Yàrá Kleiner ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Máàpù rẹ̀, ìyẹn apá géèmù tí yàrá náà wà, ń jẹ́ d1_trainstation_05, nínú orí tí wọ́n pè ní A Red Letter Day. Ohun tó jẹ́ kó dára ni pé ìran ibẹ̀ dúró dè yín, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ wọ aṣọ HEV, aṣọ ààbò Gordon. Èkejì ni ìgbà tí iná já, tí Kleiner ní kẹ́ ẹ ki púlọ́ọ̀gì padà bọ ojú ihò rẹ̀. Títí ẹ ó fi ṣe ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, kò sí ohun tó ń tẹ̀ síwájú. Kleiner lè máa rán yín létí, ẹ jẹ́ kó máa rán yín létí. Àkókò yẹn gan-an lẹ ó fi ṣètò yàrá.

Orí tábìlì, etí ògiri, ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀rọ: ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó nǹkan sí. Ojú ibi tí wọ́n ń dúró sí nínú tẹlipọ́tà, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn dé ibòmíràn lójú ẹsẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣófo, nítorí Alyx ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yin náà á sì tẹ̀ lé e. Ẹ lọ dúró sí ibi tẹ́ ẹ máa wà nígbà ìran, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà lójú yín. Nǹkan tó wà lẹ́yìn Kleiner, tó fara hàn láàárín èjìká rẹ̀ àti etí àwòrán, dára ju èyí tó kún gbogbo ilẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan láti máàpù kan bọ́ sí òmíràn, ẹ dì í mú lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń kọjá ààlà. Èyí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Kọ́ńsólù

Ọwọ́ lásán ní ibi tó mọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ́ńsólù ló kù, ojú ibi tí à ń kọ àṣẹ sí fún géèmù. Lórí Steam, ẹ tẹ máúsì lápá ọ̀tún lórí orúkọ géèmù, ẹ wọ Properties, kẹ́ ẹ wá kọ -console sí ojú Launch Options. Nínú géèmù, bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ Esc ló ń ṣí kọ́ńsólù. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fi orúkọ pa eré mọ́:

save yara1

F6 náà ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pa èkejì rẹ́. Ẹ lo orúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí; ìlà àkọ́kọ́ ló ń gba irú àwọn àṣẹ yìí láàyè:

sv_cheats 1
prop_physics_create props_junk/watermelon01.mdl

Ibi tẹ́ ẹ bá dojú kọ ni bàrà á yọ sí. Ẹ kíyè sí i pé a kò kọ models/ síwájú, nítorí àṣẹ yìí ń fi í kún un fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́, bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, kò ní rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn tó dára ni props_junk/trafficcone001a.mdl tó jẹ́ kóònù, props_c17/doll01.mdl tó jẹ́ bèbí, props_c17/furniturebathtub001a.mdl tó jẹ́ agbada ìwẹ̀, àti props_c17/oildrum001.mdl tó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù pupa tí orúkọ rẹ̀ ní explosive kò yẹ yàrá kékeré. Bàrà náà ní àbùkù tirẹ̀: tó bá já láti òkè, á fọ́.

Ẹ má máa kọ àṣẹ gígùn lásìkò tí ìran ti ń lọ. Ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì kan:

bind k "prop_physics_create props_junk/watermelon01.mdl"

Fún nǹkan tó wúwo, ẹ gba Gravity Gun pẹ̀lú give weapon_physcannon. Ó ń gbé tó kílò 250. Máúsì ọ̀tún ló ń fa nǹkan mọ́ra, òun náà ló ń jù ú sílẹ̀. Máúsì òsì ń ta á nù. Nínú yàrá Kleiner, ẹ wọ aṣọ HEV ná kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ sì sá fún impulse 101 kẹ́ ẹ tó wọ aṣọ yẹn: àṣẹ náà ń fún yín ní ìbọn gbogbo, ṣùgbọ́n ó ń wọ aṣọ fún yín pẹ̀lú. Aṣọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kì í gba ẹni tó ti wọ aṣọ, ìran tó sì ń dúró dè pé kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án lè dúró síbẹ̀ títí láé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí nǹkan dúró gbọn-in, kódà lójú òfuurufú, ẹ dojú kọ ọ́:

ent_fire !picker DisableMotion

!picker túmọ̀ sí ohun tí ojú yín wà lára rẹ̀. EnableMotion ló ń tú u sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe. Ẹ fi Gravity Gun gbé agbada ìwẹ̀ sókè díẹ̀ sí ibi tí Barney máa dúró, ẹ jù ú sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì dì í mú lójú òfuurufú lójú ẹsẹ̀. Kí ọwọ́ yín lè yá tó, ẹ so DisableMotion mọ́ bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ sì fi host_timescale 0.2 mú kí eré falẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán. Host_timescale 1 ló ń dá a padà. Ẹ dojú kọ agbada náà, ẹ sọ ọ́ lórúkọ, kẹ́ ẹ wá fi àkókò sí i:

ent_setname agbada
ent_fire agbada EnableMotion "" 12

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 12, agbada á já bọ́. Ẹ gbọ́ ìran náà lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, ẹ ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà kí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ tó dé, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yẹn rọ́pò 12. Kó má ga jù: tó bá já sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dùn ún wò ju kó já lé e lórí lọ.

Bàrà lórí Kleiner

Lójú ẹ̀rọ tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń ṣubú, Kleiner kò ní orí, kò ní èjìká. Àpótí kan ni: 26 ní fífẹ̀, 26 ní ìbú, 72 ní gíga, òkè rẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orí àpótí yẹn ni bàrà jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ̀ kúrò lórí apárí, ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé tí Kleiner bá tẹ̀ síwájú láti wo ẹ̀rọ rẹ̀, bàrà á kù sójú òfuurufú láìsí orí lábẹ́ rẹ̀. Tó bá wá rìn, àpótí á yọ lọ lábẹ́ rẹ̀, bàrà á sì já. Nítorí náà ẹni tó dúró sójú kan ni kẹ́ ẹ gbé nǹkan lé lórí, ìgbà tó sì ti dé ibi tó máa dúró sí ni kẹ́ ẹ tó gbé e lé e.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tó máa bá a rìn kiri, ẹ fi garawa ṣe fìlà fún un. Ọ̀nà mìíràn pátápátá nìyí, nítorí a fẹ́ kí garawa di ara òṣèré náà. Ẹ dojú kọ Kleiner, ẹ tẹ ent_text, kẹ́ ẹ ka orúkọ tó jáde lára rẹ̀. Ká ní kleiner ni:

ent_create prop_dynamic_override model models/props_junk/metalbucket01a.mdl targetname garawa solid 0
ent_fire garawa SetParent kleiner
ent_fire garawa SetParentAttachment eyes
ent_fire garawa AddOutput "angles 0 0 180"

Níbí, models/ gbọ́dọ̀ wà, kò dà bí ti àṣẹ ìṣáájú. solid 0 ni kò jẹ́ kí garawa máa ti Kleiner fúnra rẹ̀; tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀, òṣèré lè há mọ́ inú garawa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan tí kò ní ara báyìí, !picker kò lè rí i, orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́ nìkan lẹ fi lè pè é. Ìlà ìkẹta ló ń so ó mọ́ ojú rẹ̀, ìlà ìkẹrin ló ń dorí garawa kodò. Tí kò bá jókòó bó ṣe yẹ, ẹ máa yí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀n 15 lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi bá orí rẹ̀ mu. Ẹ sì yí i nígbà tí Kleiner dúró jẹ́ẹ́, nítorí igun náà kò wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Tó bá ti sú yín, ent_fire garawa Kill.

Nígbà tí ìran bá há

Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu òṣèré á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á dúró, á máa wò yín, kò sì ní sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé gbólóhùn tó kàn wà lórí pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ dé ibì kan, ẹni náà kò sì rí ọ̀nà. Nígbà mìíràn á wá ọ̀nà mìíràn gbà, nígbà mìíràn á ti kóònù kúrò. Agbada ìwẹ̀ ni kò ní lè tì.

Ẹ wo ẹni tí kò tíì dé ibi tó yẹ, ẹ wo ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti ibẹ̀, kẹ́ ẹ dojú kọ nǹkan náà, kẹ́ ẹ sì tẹ ent_remove. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbéra lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá gbéra, load yara1, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Kó má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ tó fẹ̀ tó 50, ìyẹn bí ìlọ́po méjì àpótí ara wọn. Ibi tí ìbàjẹ́ tún pọ̀ sí ni ẹnu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tí kò bá lè pa dé kò ní jẹ́ kí ohun tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́fétọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ní Black Mesa East tí Judith Mossman ti ń gbà yín wọlé, máàpù d1_eli_01, ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ má dá nǹkan méjì sójú kan náà. Ẹ̀rọ géèmù kì í gbà kí ohun méjì wà nínú ara wọn, á fi tipátipá yà wọ́n, ọ̀kan á sì fò lu ògiri bí ẹni pé ìbọn yìn ín. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú àlàfo. Nípa iye, ohun 2048 ni gbogbo máàpù lè gbà lápapọ̀, ti máàpù fúnra rẹ̀ sì ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjá rẹ̀, géèmù á kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà ED_Alloc: no free edicts. Kò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Ogún nǹkan tẹ́ ẹ fara balẹ̀ tò dára ju ọgọ́rùn-ún bàrà lọ.

Ọ́fíìsì Breen

Ní ọ́fíìsì Breen, olórí ọ̀tá inú géèmù, ní d3_breen_01, ẹ wà nínú pọ́ọ̀dù tó dì yín tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ kò lè gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú yín ni prop_physics_create ń wò, kò wo ọwọ́. Bọ́tìnnì k tẹ́ ẹ ti so tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ojú wá àlàfo tó ré kọjá irin pọ́ọ̀dù, ẹ dojú kọ orí tábìlì rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àsọyé rẹ̀.

Fún àwòrán, cl_drawhud 0 ń kó gbogbo nọ́ńbà kúrò lójú, r_drawviewmodel 0 ń fi ìbọn pamọ́, F5 ń ya àwòrán. Fún fídíò, ẹ lo OBS Studio, ètò tó ń ká ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Ère aràrá nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì

Èyí tí Valve fúnra wọn fọwọ́ sí wà nínú Episode Two tó jáde ní 2007. Ère aràrá kékeré kan wà ní ilé rédíò ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Tẹ́ ẹ bá gbé e títí dé ibùdó White Forest, tẹ́ ẹ sì fi í sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó yìn ín, àmì-ẹ̀yẹ Little Rocket Man di tiyín.

Ọ̀nà jìn. Nínú ihò àwọn antlion, kòkòrò ńlá tó ń bá yín jà, ẹ jù ú síwájú, ẹ jà, kẹ́ ẹ tún gbé e. Ẹ má dì í mú jà, torí ọwọ́ tó gbé ère kò lè yìnbọn. Ní gbogbo ààlà máàpù, ẹ rí i pé ó wà lọ́wọ́ yín. Ọkọ̀ ló le jù. Kò sí ohun tó dì í mú níbẹ̀, gbogbo gegele ojú ọ̀nà ló sì ń ta á síta. Ẹ há a sínú ọkọ̀ níbi tó fún jù, ẹ wakọ̀ jẹ́ẹ́, ẹ máa wẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì máa pa eré mọ́ lẹ́yìn gbogbo ibi tó le. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró sí, nínú orí Our Mutual Fiend, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ṣeé ṣí. Ẹ ṣí i, ẹ gbé ère síbẹ̀, kẹ́ ẹ tì í. Ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra ni àmì-ẹ̀yẹ ń jáde.

Sv_cheats kò gbọ́dọ̀ sí ní títàn rárá ní gbogbo ìgbà yìí. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án lẹ́ẹ̀kan, géèmù kò ní fún yín ní àmì-ẹ̀yẹ kankan títí ẹ ó fi pa géèmù náà dé. Títan sv_cheats padà sí 0 nìkan kò tó: ẹ jáde pátápátá, ẹ tún un ṣí, kẹ́ ẹ wá ṣí èyí tẹ́ ẹ pa mọ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra.